Kẹ́ẹ̀gì Epo Níwájú Pẹpẹ

Bàbá mi kì í gba ẹnikẹ́ni gbọ́ lórí ọ̀rọ̀ epo mọ́tò. Ó ní ìgò kan, ìgò oyin tó mọ́ gaara, tó máa ń fi aṣọ ìnujú àtijọ́ wé, tó sì ń tọ́jú sínú bùútù mọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Nígbàkúùgbà tí epo bẹntiróòlù bá fẹ́ wọ inú táńkì rẹ̀, ìbáà ṣe láti ilé epo, ìbáà ṣe láti ọwọ́ àwọn tó ń tà á ní kẹ́ẹ̀gì lẹ́bàá títì, á kọ́kọ́ bù díẹ̀ sínú ìgò yẹn. Á gbé e ka orí ògiri kékeré tó wà níwájú ilé wa ní Oǹdó, á wá jókòó tì í láìsọ̀rọ̀. Tí omi bá wà nínú epo náà, omi á wálẹ̀, epo á dúró lókè, ìlà tín-ín-rín kan á sì hàn láàárín àwọn méjèèjì. Bí ìlà yẹn bá ti hàn báyìí, epo náà kò ní wọ mọ́tò.

Mo ti rí i tó dá kẹ́ẹ̀gì epo padà fún ẹni tó tà á, tó sì ń bá onítọ̀hún wí bí ẹni pé kò ṣe iṣẹ́ àmúrelé rẹ̀. Ọ̀gá ilé ìwé ni kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì tíì gbà pé wọ́n ti lu agogo ìparí. Ìdajì àdúgbò ló máa ń gbé epo wá pé kó bá àwọn wò ó. Lọ́jọ́ kan, àlùfáà ìjọ wa fúnra rẹ̀ gbé gálọ̀nù epo kan wá láti fi dúpẹ́ oore tó ṣe fún un. Bàbá mi tẹríba, ó dúpẹ́, ó ní kí Olúwa bù sí àpò wọn. Àlùfáà kò tíì yí kọ́nà tán tó fi ní kí n bá òun mú ìgò wá. Mo bú sẹ́rìn-ín. Ó wò mí, mo sì pa ẹnu mi dé.

Píjò aláwọ̀ eérú ni mọ́tò náà. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, tí èmi sì ti ń ṣe tíṣà ní Àkúrẹ́, ó ní òun fi ta mí lọ́rẹ. Ẹ̀bùn bàbá mi nìyẹn: ẹnu ló fi fún mi, ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò níbẹ̀. Tí mo bá wọ Oǹdó, á ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kó tó béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ mi. Láti kékeré ló ti kọ́ mi bí a ti ń tú púlọ́ọ̀gì, bí a ti ń nù ún, bí a ti ń fọ kábúrétọ̀, torí ó ní kò sí mẹkáníìkì tó máa rí ọmọ òun rẹ́ jẹ. Nígbà yẹn, inú máa ń bí mi. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń jókòó sábẹ́ ibòòji, wọ́n ń dirun, èmi ń kó ọwọ́ dúdú kiri bí ẹni tó ń fọ ìkòkò.

Ọdún tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, nǹkan le. Àwọn ológun ló wà lórí àlééfà, epo sì di ohun tí à ń fojú wá. Ilé epo tó wà nítòsí wa ní Ìsìkàn, ní Àkúrẹ́, ewúrẹ́ ló ń sùn sí ìdí ẹ̀rọ rẹ̀. Tí ìròyìn bá kàn pé epo dé, àwọn èèyàn á ti tò láti ìrọ̀lẹ́ títí di ọjọ́ kejì, àwọn mìíràn á sì tún padà sílé pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì òfìfo. Ibi iṣẹ́ ọkọ mi ti kógbá sílé. Ó lọ gba ilẹ̀ sí Ọ̀gbẹ̀sẹ̀, ó ń gbin àgbàdo àti ẹ̀gẹ́, ṣùgbọ́n àgbàdo ọdún kìíní, ọ̀yà ló jẹ ẹ́. Owó oṣù mi nìkan ni èmi, òun àti àwọn ọmọ wa méjì fi ń jẹun, ìgbà tó bá sì wù ú ló ń dé.

Nígbà náà ni ìwé jáde pé ìjọba fẹ́ ka gbogbo tíṣà lójúkojú. Kí gbogbo wa péjọ sí pápá ilé ìwé kan ní Àkúrẹ́ láàárọ̀ Mọ́ńdè, aago mẹ́sàn-án. Wọn yóò máa pe orúkọ ní ilé ìwé kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí wọ́n bá pè lẹ́ẹ̀mẹta tí kò dáhùn, wọn á fa igi lé orúkọ rẹ̀, ó di kó máa lọ sílé nìyẹn. Wọn kì í gbọ́ àlàyé. Ẹnìkan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ wà níbi ìsìnkú ìyá ọkọ rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ka irú rẹ̀ lọ́dún tó ṣáájú. Ó kọ lẹ́tà títí, ó bẹ̀bẹ̀ títí. Búrẹ́dì ló ń tà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé wa nígbà tí mò ń wí yìí, kì í sì í fẹ́ kí a kí òun ní tíṣà mọ́.

Sọ́ńdè tó ṣáájú Mọ́ńdè yẹn ni ìkórè ìjọ wa ní Oǹdó bọ́ sí.

Ọkọ mi ní kí n má lọ. Mo ní mo máa lọ. Ó ní ṣé mo mọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà. Mo ní mo mọ ọ̀nà Oǹdó ju òun lọ. Mo bá a jà díẹ̀; mo máa ń jà, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ìyá mi ti ránṣẹ́ pé ọrẹ tí òun fẹ́ mú wá lọ́dún yìí, ẹnikẹ́ni kò mú irú rẹ̀ wá síwájú pẹpẹ rí, mo sì fẹ́ fojú ara mi rí i. Epo tó wà nínú táńkì mi, ó máa gbé mi dé Oǹdó, kò ní gbé mi padà. Bàbá mi ní kí n má fòyà, epo ìpadàbọ̀ wà lọ́wọ́ òun.

Mo dé Oǹdó lọ́sàn-án Sátidé. Ní ìjọ wa, ohunkóhun tó bá máa dé iwájú pẹpẹ lọ́jọ́ ìkórè gbọ́dọ̀ mọ́. Kànìnkànìn ni wọ́n fi ń fọ iṣu. Wọ́n á fi aṣọ nu ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ewúrẹ́ pàápàá, wọ́n á fi ọṣẹ wẹ̀ ẹ́, wọ́n á so ríbọ́ọ̀nù mọ́ ọn lọ́rùn. Ìyá mi ni olórí àwọn obìnrin tó ń gba nǹkan lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì ti dá bàbá àgbàlagbà kan tó ru iṣu elérùpẹ̀ wá padà sílé rí. Bàbá náà kò bá a sọ̀rọ̀ títí di ọdún Àjíǹde.

Ẹ̀yìnkùlé ni mo bá ìyá mi. Kẹ́ẹ̀gì aláwọ̀ ìyeyè, irú ńlá yẹn, ló gbé sórí àpótí, tó ń fi ọṣẹ àti iyanrìn fọ̀ nínú fọ̀ lóde. Ibẹ̀ ló ti ṣí ọ̀rọ̀ náà fún mi: epo bẹntiróòlù ni ọrẹ òun. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ń lọ tò ní ilé epo, ó ń gba díẹ̀díẹ̀, ó ń kó o jọ sínú àwọn gálọ̀nù kéékèèké lábẹ́ àtẹ̀gùn. Iṣu wà lọ́dọ̀ gbogbo èèyàn, ó ní. Ewúrẹ́ náà wà. Ṣùgbọ́n epo ni gbogbo ìlú ń sunkún rẹ̀, nítorí náà epo ni òun máa fún Ọlọ́run.

Ó fi omi ṣan kẹ́ẹ̀gì náà lẹ́ẹ̀mẹrin. Ó da ojú rẹ̀ délẹ̀ fún ìwọ̀n ìgbà tí a fi jẹ àgbàdo sísè kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà ló gbé àrọ sí i lẹ́nu, tó sì da epo inú àwọn gálọ̀nù sí i títí ó fi kún.

"Ọma mi, wò ó bó ṣe mọ́ tó," ó ní.

Mo wò ó. Ó mọ́ lóòótọ́. Ọwọ́ kẹ́ẹ̀gì, gẹ́gẹ́ bí gbogbo wa ti mọ̀, oníhò ni, omi a sì máa sá pamọ́ síbẹ̀. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní sáyẹ́ǹsì, tí mò ń ya àwòrán omi àti epo sójú pátákó fún wọn. Mo dúró síbẹ̀, mò ń jẹ àgbàdo, n kò rí nǹkan kan.

Lọ́jọ́ kejì, kẹ́ẹ̀gì náà dúró láàárín òkìtì iṣu àti àgbò kan tó ń wo gbogbo ìjọ bí ẹni pé òun ló fẹ́ wàásù. Ìyá mi ti so aṣọ funfun mọ́ kẹ́ẹ̀gì náà lọ́rùn, ó fi òdòdó pupa kan sí i. Nígbà tí wọ́n kéde pé epo ni, gbogbo ilé ìsìn mí kanlẹ̀. Àlùfáà gbàdúrà sí gbogbo ọrẹ, ó sì fi ọ̀rọ̀ epo kún àdúrà náà, ó ní kí Ọlọ́run ṣí ọ̀nà epo fún orílẹ̀-èdè wa. Àmín yẹn, bóyá ni wọn kò gbọ́ ọ lọ́jà. Mo wo ìyá mi lórí ìjókòó. Ó na ẹ̀yìn rẹ̀ ró ṣánṣán, ojú rẹ̀ sì ń dán. Inú mi dùn sí i débi tí omi fi yọ lójú mi.

Lẹ́yìn ìsìn, a jáde síta, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ta àwọn ọrẹ ní gbàǹjo. Nígbà tó kan epo, bàbá mi àti oníṣòwò kòkó kan ni wọ́n jọ ń fi owó lé e. Oníṣòwò náà rẹ́rìn-ín nígbẹ̀yìn, ó ní òun fi sílẹ̀ fún ọ̀gá. Báyìí ni bàbá mi ṣe fi owó ara rẹ̀ ra epo tí ìyàwó rẹ̀ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tò fún, tí àwọn méjèèjì sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ síra wọn láàárín èrò. Epo tó ṣèlérí fún mi nìyẹn.

Nílé, ó gbé àrọ jáde. Èmi náà ṣí bùútù, mo na ọwọ́ sí ibi aṣọ ìnujú àtijọ́ yẹn.

"Kí lo fẹ́ mú níbẹ̀?"

"Ìgò ni, Bàbá."

Ó gbé kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀. Ó wò mí bó ṣe máa ń wo ẹni tó bá sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n ń gbàdúrà òwúrọ̀. "Ohun tí wọ́n gbàdúrà sí níwájú pẹpẹ, tí gbogbo ìjọ ṣe àmín sí, ìwọ fẹ́ fi ìgò wò ó?"

"Bàbá, ẹ fi ìgò wo ti àlùfáà níjọ́sí."

"Àlùfáà, èèyàn ni," ó ní. "Di àrọ yìí mú dáadáa, kó má ta sílẹ̀."

Mo di àrọ mú. Ó da gbogbo rẹ̀ sínú táńkì, ó sì gbọn kẹ́ẹ̀gì náà jìgìjìgì kí ó má bàa ku ẹ̀kán kan. Tó bá ṣe pé ó fi díẹ̀ sílẹ̀ sí ìdí rẹ̀ ni, bóyá ọ̀rọ̀ wa ì bá dára jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, lẹ́yìn àdúrà tó gùn àti iṣu ìkórè tí ìyá mi kò jẹ́ kí n lọ láìjẹ, a jáde ní aago méje. Mo ní "a", torí bàbá mi ní òun ń bá mi lọ. Ó ní ọ̀nà kò dára. Mo mọ̀ pé ó fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí i kí wọ́n pe orúkọ mi ni. Ìyá mi gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó gbàdúrà sí i, ó sì kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀ fún àwọn ọmọ mi. Mo wọ bùbá funfun tí mo ti lọ̀ láti Àkúrẹ́, àwọn ìwé ẹ̀rí mi sì wà nínú àpò lẹ́sẹ̀ bàbá mi.

A kọjá Bọ́lọ́rundúró, mọ́tò ń lọ wẹ́rẹ́. Bàbá mi ń kọ orin ìkórè lábẹ́lẹ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ ká dé Owénà, tí a ń gun òkè kan, mọ́tò wúkọ́. Ó tún wúkọ́. Ó sáré síwájú díẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gún ní abẹ́rẹ́, ó sì kú. Mo jẹ́ kó yí lọ sí ẹ̀bá títì.

"O ti tẹ epo jù," bàbá mi ní.

A ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó wo bátìrì, bátìrì dára. Ó ní kí n tú púlọ́ọ̀gì, mo tú u, mo nù ún, mo dá a padà. A ṣáná sí i, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́.

"Omi ni, Bàbá."

"Omi kọ́."

Ó tún wo wáyà. Ó fẹ́ atẹ́gùn sí ihò kan tí kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Àwọn ọkọ̀ ń kọjá, wọ́n kò pọ̀, gbogbo wọn ló sì kún dé ẹnu, àwọn kan rọ̀ mọ́ ẹ̀yìn. Mo na ọwọ́ sí mẹ́ta, kò sí èyí tó dúró. Mo wo aago ọwọ́ mi: mẹ́jọ ti kọjá. Mo rí i lọ́kàn mi, bírò tó ń fa ìlà gbọọrọ lé orúkọ mi. Mo rí ara mi lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ oníbúrẹ́dì, tí mo gbé tèmi náà kalẹ̀.

"Omi ni, Bàbá."

"Mo ní omi kọ́! Epo tó ti iwájú pẹpẹ wá…"

Ibẹ̀ ni sùúrù mi tán. N kò gbé ohùn sókè sí bàbá mi rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, mo pariwo lójú títì. Mo ní, "Bàbá, wọ́n á fa igi lé orúkọ mi! Kí ni màá fún àwọn ọmọ mi jẹ? Ṣé ìkórè ni wọ́n á máa jẹ títí ọdún á fi yí po?"

Ẹ̀rù bà mí. Ó yí padà, ó rọra rìn lọ sẹ́yìn mọ́tò. Mo gbọ́ tó ṣí bùútù. Nígbà tó padà dé, ìgò ló mú lọ́wọ́. Ó gbé e fún mi láìwò mí lójú.

"Bù ú," ó ní.

Mo yọ rọ́bà tó gbé epo wá sí kábúrétọ̀, mo gba ohun tó jáde sínú ìgò. Mo gbé e ka orí òkúta kan. Àwa méjèèjì jókòó tì í sórí koríko, bí a ti máa ń jókòó nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Kò pẹ́ rárá. Omi wálẹ̀, epo gòkè, ìlà náà sì hàn. Bàbá mi fi ìka wọn ọ́n lára ìgò.

"Ó tó ìka méjì," ó ní. Ó tún wò ó fún ìgbà díẹ̀. "Ṣé ìyá rẹ fọ kẹ́ẹ̀gì yẹn ni?"

"Lẹ́ẹ̀mẹrin, Bàbá."

"Lẹ́ẹ̀mẹrin?" Ó mi orí. Lójijì, ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n ọ́n léjìká, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di àyà mú. Èmi náà kò lè pa á mọ́ra mọ́. A jókòó lẹ́bàá títì, iṣẹ́ mi ń bọ́ lọ, a sì ń rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ọjọ́ yẹn ni mo tó mọ̀ pé bàbá mi fẹ́ràn ìyá mi gidigidi.

Lẹ́yìn náà, ó dìde, ó di ọ̀gá ilé ìwé padà. Ó rán mi lọ sọ́dọ̀ ìyá kan tó ń yan gàrí ní ìwọ̀n ibi tí ohùn lè dé. Ìyá náà yá wa ní abọ́ irin ńlá kan, ó sì kìlọ̀ pé a kò gbọ́dọ̀ gbé epo wa súnmọ́ iná òun. Mo wé ìró àtijọ́ kan lé aṣọ mi, mo wọ abẹ́ mọ́tò lọ, mo tú nọ́ọ̀tì tó wà nísàlẹ̀ táńkì. Omi ló kọ́kọ́ jáde. Lẹ́yìn náà ni epo tẹ̀ lé e, mo sì jẹ́ kó ṣàn dáadáa kó tó di pé mo dí i. A fọ kábúrétọ̀, a nu púlọ́ọ̀gì. Epo tó wà nínú abọ́, a jẹ́ kó sùn, torí lọ́dún yẹn, kò sí ẹni tó ń da epo nù. Ó ku ká fi rọ́bà fa ti òkè padà sínú kẹ́ẹ̀gì tó wà ní bùútù, ká fi omi rẹ̀ sílẹ̀ nísàlẹ̀. Bàbá mi fẹ́ fa á. Mo ní èémí rẹ̀ kò tó mọ́. Mo gbé rọ́bà sẹ́nu, mo fà á, kíákíá ni mò ń ṣe nítorí aago, epo sì wọ̀ mí lọ́fun kí n tó yọ ọ́.

Ọ̀fun mi gbóná bí ata. Mo wúkọ́, mo pọ̀ ọ́ jáde, omi ń dà lójú mi. Ìyá tó ń yan gàrí náà sáré wá, ó bu epo pupa sẹ́nu mi, ó ní kí n gbé e mì, mo sì gbé e mì. Nígbà tí mo fẹ́ sọ pé ẹ ṣeun, kò sí ohùn. Mo la ẹnu, afẹ́fẹ́ lásán ló jáde.

Bàbá mi da epo náà padà sínú táńkì, mọ́tò sì gbaná lẹ́ẹ̀kan náà. Mo wà á dé Àkúrẹ́, bàbá mi jókòó tì mí. Ó gbé àpò ìwé mi mọ́ àyà.

Mẹ́wàá ti kọjá nígbà tí a dé pápá náà. Èrò kún ibẹ̀ bámúbámú. Àwọn òṣìṣẹ́ jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, ọ̀kan ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn pe orúkọ. Mo gbọ́ orúkọ ọ̀gá wa. Ilé ìwé wa ni wọ́n wà lórí rẹ̀! Mo bọ́ sílẹ̀, mo gba àpò, mo bẹ̀rẹ̀ sí fi ìgúnpá la èrò kọjá. Orúkọ mi jáde. Mo la ẹnu, kò sí nǹkan kan. Mo na ọwọ́ sókè, ṣùgbọ́n ọwọ́ pọ̀ lókè níbẹ̀, gbogbo èèyàn ló ń fi ìwé bo oòrùn lójú. Wọ́n pè é lẹ́ẹ̀kejì. Mo fo sókè. Àwọn tó wà níwájú mi ní kí n má ti àwọn. Mo gbọ́ tí ọkùnrin náà mí, tó tún pè é lẹ́ẹ̀kẹta, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń sin nǹkan.

"Ó wà ńbí!"

Láti ẹ̀yìn ni ohùn náà ti wá, lẹ́bàá odi. Ohùn tó ti fi kó ẹgbẹ̀rún ọmọ jọ láàárọ̀ fún ọdún gbọọrọ, tí n kò gbọ́ láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì. Gbogbo pápá dákẹ́. Kódà, àwọn tó ń ta ẹ̀pà dákẹ́.

Òṣìṣẹ́ náà gbé ojú sókè. "Bàbá, ẹ̀yin lẹ ń jẹ́ orúkọ yìí ni?"

"Ọmọ mi ló ń jẹ́ ẹ," bàbá mi dáhùn. "Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ náà. Epo mọ́tò ló gbé mì lójú ọ̀nà, kò lè fọhùn. Ẹ wò ó, òun ló na ọwọ́ dúdú sókè yẹn!"

Ẹ̀rín sọ. Wọ́n yà fún mi, mo sì kọjá láàárín wọn pẹ̀lú bùbá mi tó ti di aláwọ̀ méjì. Bí mo ti dé iwájú tábìlì, òṣìṣẹ́ náà fa orí sẹ́yìn nítorí òórùn. Ó ní, "Tíṣà ni yín àbí mẹkáníìkì?" Mo kó ìwé mi kalẹ̀. Ó wò ó, ó wò mí, ó sì sàmì sí i. Ọmọ Àkúrẹ́ ni èyí tó jókòó tì í. Ó rọra sọ fún mi pé, "Máa lọ ulé, Mà. Kí ẹ lọ mumi." Omi! Ká ní ohùn wà lẹ́nu mi ni, mi ì bá sọ fún un pé omi ti tó mi.

Nígbà tí mo padà dé ìdí mọ́tò, bàbá mi ti jókòó síbi tirẹ̀, ó sì ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ jẹ. Ó gbé ọ̀kan fún mi. A jẹ ẹ́ níbẹ̀, lábẹ́ oòrùn, n kò rò pé mo tíì jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó dùn tó bẹ́ẹ̀ láyé mi.

Nígbà Kérésìmesì, a wà nínú yàrá ńlá ní Oǹdó tí ìyá mi béèrè ọ̀rọ̀ náà. "Epo mi ọjọ́ ìkórè yẹn ńkọ́? Ṣé ó gbé yín délé dáadáa?"

Mo wo bàbá mi. Gbogbo ìgbà tí mo wà lọ́mọdé, irọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀ kan ṣoṣo tí kì í forí jì. Ó gé ẹran rẹ̀, ó jẹ ẹ́, ó gbé e mì.

"Epo rẹ ló gbé wa dé Àkúrẹ́," ó ní.

Ìyá mi mi orí, ayọ̀ sì kún ojú rẹ̀. Lẹ́yìn oúnjẹ, bàbá mi bá mi níta. "N kò purọ́," ó ní, kí n tó sọ nǹkan kan. "Epo rẹ̀ gbé wa dé ibẹ̀. Omi rẹ̀ ni kò fẹ́ ká dé." Mo ní kí ló dé tí a kò sọ fún un kó má fọ kẹ́ẹ̀gì mọ́. Ó ní ẹni tó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta dúró nínú oòrùn nítorí Ọlọ́run, òun kò ní lọ sọ fún un pé ó fọ nǹkan jù. "Jẹ́ kó máa fọ̀ ọ́."

Ọdún yí po, epo kò pọ̀ sí i. Ìyá mi tún lọ tò. Ó tún fọ kẹ́ẹ̀gì, lẹ́ẹ̀mẹrin náà ni. Lọ́jọ́ ìkórè, oníṣòwò kòkó yẹn ló rà á lọ́tẹ̀ yìí. Bàbá mi ní kó fún òun láyè díẹ̀, ó gbé kẹ́ẹ̀gì náà lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Mo tẹ̀ lé e. Ní igun ilé, mo dúró.

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó fi í lélẹ̀ lórí koríko. Lẹ́yìn náà ló tó mú aṣọ ìnujú àtijọ́ yẹn jáde lábẹ́ agbádá, tó tú u, tó yọ ìgò, tó bu epo sí i, tó sì kúnlẹ̀ tì í pẹ̀lú orí òfo, tó ń wò ó.

Mo gbọ́ ìṣísẹ̀ lẹ́yìn mi. Ìyá mi ni, ó ń wá wa. Ẹ̀yìn bàbá mi nìkan ló lè rí láti ibi tí ó dúró sí, àti orí funfun rẹ̀ tó tẹ̀ síwájú. Ó di apá mi mú, ó fà mí sẹ́yìn.

"Fi í lẹ̀, ọma mi," ó sọ sí mi létí. "Àdúrà ló ń gbà."